Láílọ́ọ̀nù Tí Mo Fi Wé Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Ẹ pè mí ní Ìyá Ràṣídà. Ìyá Ràṣídà pọ̀ ní Ṣàngó Ọ̀tà, ẹ kò ní mọ èwo nínú wa ni. Joju ni mò ń gbé. Mo ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láílọ́ọ̀nù ni mo ti ń jẹun.

Ẹrù kan wà láyà mi tó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Ọkọ mi kò mọ̀. Ìmáàmù wa kò mọ̀. Ǹ bá má sọ ọ́ títí wọn á fi gbé mi wọ káà ilẹ̀, àmọ́ àwọn àgbàlagbà méjì wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan, wọ́n sì ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú wá gbọ́ èsì. Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n lè sùn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi má baà yí padà. Àlàájà ọ̀rẹ́ mi kò lè rìn dáadáa mọ́, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Gbogbo àdúgbò ló gbà pé àìsàn ló ṣe é. Kì í ṣe àìsàn. Èmi ni mo ṣe é.

Kí ẹ tó ṣẹ́ èpè lé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí òun náà ṣe fún mi. Mi ò sọ pé ó dá mi láre. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ ni.

Ọ̀rẹ́ wa ti lé ní ogún ọdún. Inú ẹgbẹ́ àsàlátù la ti pàdé. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, nítorí náà mi ò pè é ní "ìwọ" rí, òun náà sì ń ṣe mí bí àbúrò. Nígbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi, òun ló ń wẹ̀ ẹ́ fún mi. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, èmi ni mo ń se oúnjẹ lọ bá a títí ó fi jáde opó. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan nínú wa ní ìsọ̀ aláta, wọ́n á bèèrè èkejì.

Ohun kan wà tí mo sọ fún un nígbà náà tí mi ò sọ fún ẹlòmíì. Mo sọ fún un pé nígbà tí ìyá mi bí mi, orí rẹ̀ dàrú fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó gbádùn, kò sì tún ṣe é mọ́ títí ó fi dàgbà dàrúgbó. Mo sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́. Àlàájà fi ìborùn rẹ̀ nu ojú mi, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sínú kànga.

Lẹ́yìn náà ni Ràṣídà, àkọ́bí mi, mú ọkọ wálé. Ọmọ tó níwà, tó ń ṣiṣẹ́, tí kì í gbé ojú sókè bá àgbà sọ̀rọ̀. Inú gbogbo wa dùn. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa. Kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ, ìdílé ọkọ á rán àwọn àgbà wá sí àdúgbò wá ṣe ìwádìí. Wọ́n á bèèrè bóyá àrùn kan wà nínú ilé yẹn, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá ọmọ náà gbọ́ ti òbí. Gbogbo ẹni tí wọ́n bi ló sọ rere. Wọ́n wá bi Àlàájà, torí wọ́n gbọ́ pé òun ló mọ̀ wá jù.

Àlàájà kò sọ pé a burú o. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ ẹ tún wádìí dáadáa, pàápàá níbi ìyá ìyá ẹ̀."

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tó bá sọ fún aṣèwádìí pé kó tún wádìí dáadáa, ó ti dáhùn. Wọ́n lọ sí abúlé ìyá mi. Arúgbó kan jókòó, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọkùnrin náà kò gbé fóònù Ràṣídà mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin náà, obìnrin kan báyìí, ló pàdé mi ní Ojú Ore. Ojú ń tì í. Ó ní kí n má bínú, pé ẹni tí àwọn bi ló ní kí àwọn tún wádìí sí i. Mo ní ta ni. Ó sọ fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ra ata mi, mo ra ẹja mi, mo lọ sílé, mo sì se ọbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ràṣídà, kò dá Àlàájà lẹ́bi. Èmi ló dá lẹ́bi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ fún un, Mọ́mì. Àṣírí ìdílé wa lẹ fi ń ṣe ọ̀rẹ́." Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Bí ọdún bá dé, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí mi bí ẹni tó ń kí ọ̀gá ilé iṣẹ́. Kò wálé mọ́.

Mi ò bá Àlàájà jà. Mo mọ ibi tí ìjà náà máa já sí. Á sunkún, á kúnlẹ̀ níwájú ìmáàmù, wọ́n á ní kí n fi ti Ọlọ́run ṣe, màá ní mo ti dárí jì í, wọ́n á ṣàdúrà, ọ̀rọ̀ á sì parí. Mi ò fẹ́ kó parí. Mo fẹ́ kó dùn ún bó ṣe dùn mí. Mo ń rẹ́rìn-ín sí i, mo ń jẹ sàráà nílé rẹ̀, mo sì ń dúró. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀bọ, á kọ́kọ́ ṣe bí ọ̀bọ.

Eré sísá ló gbé àǹfààní náà wá sí mi lọ́wọ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì kan wá sí mọ́sáláṣí wa wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn obìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n sọ fún pé ká dín iyọ̀ kù, ká sì máa ṣe eré ìdárayá. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn la gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin kan ní Èkó, máratọ́ọ̀nù, èyí tí èèyàn máa ń sá láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi mú. Wọ́n ní tàgbà tọmọdé ló lè wọlé. Àwa mẹ́rin la ní a máa sá a. Ọkọ àwa tó ṣì ní ọkọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Èmi nìkan ló ti sáré rí. Nílé ìwé girama, kò sí ọmọbìnrin tó lè rí ẹ̀yìn mi. Nítorí náà wọ́n fi mí ṣe kóòṣì. Àlàájà ló kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn le. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà la máa ń jáde ní Joju, tàwa ti híjáàbù àti ṣòkòtò eré lábẹ́ rẹ̀, a ó gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ sí Ojú Ore, a ó sì yà sí àárín àwọn ilé iṣẹ́ níbi tí àwọn tírélà máa ń tò sí. Oòrùn kò tíì yọ tán, ooru ti ń jáde láti ara ọ̀dà. Eruku ń wọ imú, èéfín ẹ̀rọ ń wọ ọ̀fun. Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Èékánná méjì ní ẹsẹ̀ mi dúdú, wọ́n sì yọ dànù. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti tó mi lọ́jọ́ orí, ẹ mọ ooru kan tó máa ń ti inú èèyàn jáde láìròtẹ́lẹ̀. Tèmi àti ti ìta ń pàdé lójú ọ̀nà.

Àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ kò jẹ́ ká sinmi. "Màmá, ta ló ń lé yín? Ẹ dúró ká bá yín lù ú!" Ọ̀kan tiẹ̀ pariwo pé, "Ìyá, ẹ ti sá kọjá ilé ọkọ yín o!" Àlàájà kò dúró, ó kàn dá a lóhùn pé, "Ọkọ mi ti kú, ilé ẹ ni mò ń bọ̀!" Gbogbo èèyàn ibùdókọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí mo máa ń gbàgbé pé mo kórìíra rẹ̀ títí a ó fi dé Ojú Ore. Bí mo bá dé ilé, tí mo rí yàrá Ràṣídà tó ṣófo, màá rántí.

Kò pẹ́ tí àwọn méjì yòókù fi já. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ń dun òun, èkejì ní ọkọ òun kò fẹ́. Ó wá ku èmi àti Àlàájà. Àlàájà sanra, èémí rẹ̀ kì í sì í gùn, àmọ́ obìnrin tí kì í gbà pé òun kò lè ṣe nǹkan ni. Ó ní, "Ìyá Ràṣídà, mi ò fẹ́ kẹ́yìn lójú àwọn ará Èkó o. Ọ̀rá ikùn yìí ló ń dá mi dúró. Kí la lè ṣe sí i?"

Ìgbà tó bi mí báyìí ni nǹkan náà sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi.

Níbi iṣẹ́ wa, a máa ń ṣe láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ kan tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, tí wọ́n fi ń wé páálí kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀. Èyí tó bá bàjẹ́ lójú ẹ̀rọ, wọ́n ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú un lọ sílé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì gbà gbọ́ pé bí èèyàn bá fi irú rẹ̀ wé ikùn kó tó ṣe eré ìdárayá, òógùn á pọ̀, ọ̀rá á sì bá a jáde.

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo tún mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbẹ́rù kan níbi iṣẹ́ wa ti fi í wé ara lábẹ́ aṣọ iṣẹ́ rí, kí eruku má baà yún un. Ó ṣubú lọ́sàn-án gangan. Ọ̀gá tó ń rí sí ààbò pe gbogbo wa jọ, ó ní ara èèyàn ní láti rí ọ̀nà tú ooru rẹ̀ jáde, pé bí kò bá rí ọ̀nà, ooru náà á bẹ̀rẹ̀ sí í se ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ tó lò nìyẹn, "se". Mo wà lórí ìdúró níbẹ̀, mo gbọ́ ọ, mi ò gbàgbé rẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibi ìkẹ́rùsí wo bí èyí tí mo mú ṣe pọ̀ tó. "Madam, wetin you wan use all this one do?" Mo ní mo fẹ́ fi bo àga.

Nínú yàrá mi ni mo ti ń wé Àlàájà kí a tó jáde. Mo ń wé e láti abẹ́ ọmú dé ìdí, mo sì ń wé itan rẹ̀ méjèèjì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti sọ òun di páálí. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá padà dé tí mo bá tú u, òógùn á da sílẹ̀ bí omi tí wọ́n tú dànù, òun á sì máa yọ̀ pé ọ̀rá ni. Òwúrọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná jù fún un. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni. Inú mi kò dùn sí ìyẹn, torí rírẹ̀ kọ́ ni mò ń wá.

Ààwẹ̀ wá wọlé. Àlàájà ní ṣé kí a sinmi títí di ọdún. Mo ní ẹni tó bá fi oṣù kan sinmi á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Mo ní ká máa sá a lẹ́yìn ìrun alásàrì, pé bí a bá fi máa dé, àkókò ìṣínu ti ń súnmọ́, omi á wà nítòsí. Ọ̀rọ̀ náà dún bí ọgbọ́n. Ó ní, "Kóòṣì, o mọ nǹkan." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú un láti inú òwúrọ̀ bọ́ sínú oòrùn, pẹ̀lú ikùn òfìfo àti ọ̀fun gbígbẹ. Nínú oṣù ààwẹ̀ ni mo ti ṣe é o. Mi ò fi pamọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, atẹ́gùn kankan kò fẹ́. Àwọn ewúrẹ́ gan-an kò kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló ń dùn mí jù. Mi ò gbààwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nǹkan oṣù mi, tó ti ń ségesège, dé lójijì láàárọ̀, ẹ sì mọ̀ pé obìnrin kì í gbààwẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ti jẹun. Mo ti mu omi títí inú mi fi tutù. Mo nu ètè mi kí Àlàájà tó dé. Nígbà tó ń sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, mo ní èmi náà ni, kí a fara dà á, ẹ̀san rẹ̀ pọ̀.

A sá dé àárín àwọn ilé iṣẹ́. Ó ní, "Ìyá Ràṣídà, òtútù ń mú mi." Nínú oòrùn yẹn. Mo wo apá rẹ̀, kò sí òógùn níbẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ gbẹ. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo ní, "Ara yín ti ń mọ́ ọn ni. Ẹ tẹ̀ síwájú."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ó ń sọ fún un pé kó ṣílẹ̀kùn. Mo yára kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo rí i tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ọtí. Mo rí i dáadáa. Mo kọjú síwájú, mo sì tún sá lọ títí mo fi dé ibi tí tírélà kan dúró sí. Ibẹ̀ ni mo ti dúró, tí mo sì sọ fún ara mi pé, Ràṣídà, ó ti dùn ún.

Ìgbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ṣubú. Ojú rẹ̀ là, kò sì mọ̀ mí. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe. Mi ò kọ́kọ́ pariwo. Mo fà á sí ibòji, mo fi èékánná ya láílọ́ọ̀nù náà kúrò lára rẹ̀, mo ká a jọ, mo tì í sábẹ́ híjáàbù mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá pariwo.

Àwọn awakọ̀ sáré wá. Wọ́n da omi lé e lórí, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n sì gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Dókítà bi mí bóyá nǹkan kan wà tí ó yẹ kí òun mọ̀. Mo ní ààwẹ̀ ló gbà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa ń ru. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ìyókù rẹ̀ wà lábẹ́ híjáàbù mi, ó lẹ̀ mọ́ ikùn mi.

Ó pẹ́ nílé ìwòsàn. Ó jáde láàyè, a dúpẹ́. Àmọ́ bó bá dìde, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó rí i. Ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ geere mọ́. Gbólóhùn kúkúrú ló kù tó lè sọ, èèyàn á sì ní láti fara balẹ̀ kó tó gbọ́ ọ. Oṣù ààwẹ̀ yẹn àti àwọn oṣù tó ṣáájú rẹ̀ ti pa rẹ́ ní orí rẹ̀, kò rántí eré, kò rántí láílọ́ọ̀nù.

Ẹ ó bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Ní àkọ́kọ́, rárá. Mo jókòó tì í, mo gbọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń wá ọ̀rọ̀, mo sì ní lọ́kàn mi pé ahọ́n yìí náà ló dá ìgbéyàwó ọmọ mi rú. Mo lọ sí Èkó, mo sá eré náà. Oòrùn ń jó mi, ẹsẹ̀ mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo ń sá a lọ. Ìbínú ló gbé mi dé òpin, kì í ṣe agbára. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ mi lọ́rùn. Mo gbé e wálé, mo fi kọ́ ọrùn Àlàájà níwájú àwọn obìnrin ẹgbẹ́, gbogbo wọn sì ń sunkún pé irú ọ̀rẹ́ wo nìyí. Àlàájà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìwọ lo gbà mí." Ó pẹ́ kó tó lè sọ ọ́ tán.

Mo rò pé inú mi á dùn. Inú mi dùn. Nígbà tí mo délé, mo bì.

Àlàájà ní ọmọbìnrin kan tó kù nílé, Bùṣírátù. Òun ló ń wẹ ìyá rẹ̀, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń dì í mú lọ síbi ìrun. Màámi ló máa ń pè mí láti kékeré, torí ilé mi ni ìdajì ìgbà èwe rẹ̀ ti lọ. Ó ti rí ọkọ báyìí. Ìdílé ọmọkùnrin náà wà ní Itele. Wọ́n rán àgbàlagbà méjì wá ṣe ìwádìí, ìyá kan àti bàbá kan, èèyàn jẹ́jẹ́. Ẹ ti mọ ilé tí wọ́n wá.

Bàbá náà ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ọmọ yẹn wù wá gidi. Ara gbígbọ̀n tó ń ṣe ìyá ẹ̀ yìí nìkan ló ń bà wá lẹ́rù. A gbọ́ pé bàbá tó bí Àlàájà náà gbọ̀n kó tó kú. Ṣé àrùn ìdílé ni? Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ bá sọ la máa mú lọ sílé."

Òtítọ́ ni pé bàbá Àlàájà gbọ̀n nígbà tó darúgbó. Kò sí dókítà tó mọ̀ pé nǹkan méjèèjì kò jọra. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo ayé.

Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè díẹ̀ kí n ronú. Mo rí i bí ojú ìyá náà ṣe yí padà, tó sì wo bàbá náà. Ẹni tí wọ́n bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tó sọ pé òun ń ronú, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa gbọ́. Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn máa padà wá lọ́jọ́ Àìkú, àmọ́ ohùn wọn ti tutù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bùṣírátù sáré wọlé. Ó ti gbọ́ pé wọ́n wá sọ́dọ̀ mi. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Màámi, ọpẹ́ ni pé ẹ̀yin ni wọ́n bi. Ọkàn mi ti balẹ̀ pátá." Ó ní bí òun bá lọ ilé ọkọ, òun máa mú ìyá òun dání, ọmọkùnrin náà ti gbà. Mo gbá a mọ́ra. Kí ni mo tún lè ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bó ṣe rí nínú mi. Apá kan ní kí n dákẹ́. Ó ní Ràṣídà wà ní Ìbàdàn tí kò sẹ́ni tó gbá a mọ́ra, kí ọmọ ti Àlàájà náà jókòó sílé, kí ìyá rẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ohùn yẹn kì í ṣe ohùn èṣù o. Ohùn mi ni. Apá kejì ní Bùṣírátù kò ba ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Bí mo bá ní kì í ṣe àrùn ìdílé, wọ́n á bi mí pé kí wá ni. Wọn kò ní gba ẹnu lásán, torí wọ́n ti rí i pé mo fà sẹ́yìn. Àfi kí n sọ ọ́. Bí mo bá sì sọ ọ́, bóyá ọlọ́pàá á wá, bóyá ọkọ mi á ní kí n máa lọ, ẹgbẹ́ àsàlátù kò sì ní jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan ẹní wọn mọ́. Ràṣídà á gbọ́ pé orúkọ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń pè bó ṣe ń pààyàn díẹ̀díẹ̀.

Mo ti pinnu ní ẹ̀ẹ̀mejì pé màá sọ ọ́, mo sì ti yí i padà. Ẹ má rò pé ìbẹ̀rù nìkan ló fà á. Ohun kan ṣì kù tí mi ò tíì sọ, bí mi ò bá sì sọ ọ́, irọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ. Bí mo bá rò ó pé mo jókòó ti Àlàájà tí mo sọ fún un pé èmi ni, kì í ṣe ìtìjú ló máa ń kọ́kọ́ dé. Adùn ni. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé nítorí ọmọ mi ni, torí ìyà tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò mọ ibi tó ti wá, àìsàn lásán ni lójú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni ẹ̀san mi ti ń jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará, ṣé ìjẹ́wọ́ nìyẹn, àbí mo kàn fẹ́ tún nà án lẹ́ẹ̀kan sí i?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dúró títí inú mi á fi mọ́ kí n tó la ẹnu, nígbà tí Àìkú kò ní dúró dè mí? Àbí kí n sọ ọ́ fún àwọn ará Itele bẹ́ẹ̀ tòun ti ìdọ̀tí rẹ̀, kí ọmọ ọlọ́mọ lè rí ilé ọkọ wọ̀? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí, ẹ sì má wulẹ̀ bú mi, mo ti bú ara mi kúnná.

Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Ẹ bá mi bẹ Bùṣírátù. Ẹ má tíì bá mi bẹ Àlàájà.